Sájẹ́ǹtì Lekoko àti Ẹni Tí Kò Fẹnu Kan Irin

Ìgbọ̀nà,
Òṣogbo.

Ọlárìndé, Àkàngbé ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú onílùú. Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé láti béèrè bóyá ò ń jẹun kánú. Mo ti béèrè, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ara wa le níbí. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ọmọ ilé yìí mọ́, ó ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀ nígbà tí èmi bá ń lọ sí ọ̀nà tèmi.

Lẹ́tà rẹ dé, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí o ká sínú rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀ pé wọ́n gbà ọ́ sí iṣẹ́ ayàwòrán n'Ìbàdàn, pé wọ́n sì fún ọ ní tábìlì tìrẹ lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tí o wà ní kékeré tí o ń fi èédú ya ara ògiri wa, èmi ni mo máa ń nà ọ́. Mo ní ọmọ tó ń ba ògiri jẹ́ kò ní dá nǹkan kan. Wò ó báyìí, ògiri náà ni wọ́n ń sanwó fún ọ lé lórí. Dárí ẹgba yẹn jì mí.

Mo ka ìtàn aláwòrán rẹ látòkè délẹ̀. Ọkùnrin Ẹ̀fúùfù dára, bó ṣe ń fò kọjá lórí òrùlé, tó fi agbádá ṣe ìyẹ́, tó ń fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò kúrò nínú kòtò. Ẹni tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí. Sájẹ́ǹtì Lekoko, ọlọ́pàá inú, onírunmú, oníkùn ńlá, tí fìlà rẹ̀ bo ojú kan, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin Ẹ̀fúùfù á ti mú olè tán kí òun tó fi ẹsẹ̀ dé, Lekoko á wá fọ́ olè náà létí kí ó tó dè é lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá rẹ rí i, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ikùn yín rèé." Gbogbo Òkè-Fìà ló ti mọ̀ pé èmi ni. Télọ̀ mi ń pè mí ní Lekoko lójú pópó, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń bẹ́rí fún mi. Mo gbádùn rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, n kò ní tàn ọ́.

Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yẹn kan náà, o ní ọ̀gá rẹ ti fọwọ́ sí ìtàn tó kàn, pé ìtàn irin tí mo máa ń sọ fún yín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni. O sì fi èyí tí o ti fi pẹ́ńsùlù yà ránṣẹ́ kí n wò ó. Mo wò ó. Lekoko gbé irin lé orí tábìlì, olè ń gbọ̀n, òógùn bò ó, Ọkùnrin Ẹ̀fúùfù káwọ́ mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ gan-an ni o ṣe yà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé gígùn yìí. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó fi tàdáwà tẹ àwòrán yẹn.

Ohun kìíní tí mo fẹ́ kí o mú lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ rẹ tuntun yìí ni pé kí o má ṣe gba ìtàn lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ẹnu bàbá rẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. O gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu mi, o kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mo gbé irin síwájú rẹ̀. Ó ní orúkọ. Jóẹ́lì ni wọ́n ń pè é, káfíńtà ni, ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Bó ṣe rí nìyí. Iléṣà ni wọ́n gbé mi lọ nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyá rẹ, ó lóyún rẹ sínú. Mo jẹ́ géńdé, mo sì gbóná. Àwọn kan wọ ilé ìtọ́jú kòkó kan, wọ́n kó àpò kòkó lọ. Wọn kò já àgádágodo, wọn kò fọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n rọra tú àwọn ìdè tí ilẹ̀kùn fi rọ̀ mọ́ férémù ni, wọ́n gbé ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni gbé àga. Mo ní ẹni tó mọ ilẹ̀kùn ló tú ilẹ̀kùn. Jóẹ́lì ló kan ilẹ̀kùn náà, nítorí náà mo mú un. Mo mú bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí n má baà dà bí ẹni tí kò mú un ni.

O mọ̀ pé ọmọ Ògún ni wá, a kì í fi irin ṣeré nílé wa. Ọmọ owú tí bàbá bàbá mi fi ń rọ ọkọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá rú mi lójú, mo máa ń gbé ọmọ owú náà sórí tábìlì, mo máa ń sọ fún ẹni tí mo bá mú pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ó fẹnu kàn án. Ọ̀pọ̀ olè ló ti jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, torí ta ni kò bẹ̀rù Ògún? Ó ti bá mi ṣe é débi pé n kì í wá ẹ̀rí mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa rìn kiri inú oko láti tọpa ẹsẹ̀, èmi á jókòó ti irin mi.

Bàbá aṣọ́dẹ náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé irin, ó fẹnu kàn án, ó tún fi nu iwájú orí. Jóẹ́lì káwọ́ sẹ́yìn. Ó wò mí, ó wo irin, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, èdè Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ ọ́, mo kọ ọ́ bí ìwọ á ṣe tètè gbọ́ ọ.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣèrìbọmi ni n kì í ti í búra mọ́, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe Bíbélì. Mo ní kì í ṣe èmi. N kò ní ju ìyẹn lọ."

Kò gbọ̀n, Ọlárìndé. Òógùn kankan kò sí lójú rẹ̀. Èmi ni mo fi ìgbọ̀n àti òógùn sí i nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún yín, torí ìtàn náà kò dùn láìsí i. Inú ìjọ àwọn aládùúrà ló wà, àwọn tí wọ́n mú un ní àmúdájú pé Olúwa ní kí á má búra rárá. Mo mọ̀ pé irú wọn wà. Iléṣà kún fún wọn, ìyá rẹ alára ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ṣùgbọ́n etí ọmọ Ògún ni mo fi gbọ́ ọ, mo ní ẹni tí kò lè fẹnu kan irin ti jẹ́wọ́ tán. Mo fọ́ ọ létí. Ohun tí mo tún ṣe lẹ́yìn èyí, n kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí ìyá rẹ lè kà. Kò jẹ́wọ́ síbẹ̀.

Ìyá rẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé, ó sì dáwọ́ dúró, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Nínú olè àti olóòótọ́, ta ni ó máa ń yá lára láti fẹnu kan irin?" Mo sọ fún un pé kí ó kọjú sí odó rẹ̀. Ó kọjú sí i. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé ìwà ọmọlúwàbí ni. Ọdún pọ̀ kí n tó mọ̀ pé ojú tì í fún mi ni.

Mo mọ̀ pé mo ń yà bàrá díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó gbàgbé: ọmọbìnrin tí o ní ò ń bọ̀ wá fi hàn wá, bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè tó dùn ọ́, dá a lóhùn. Bí o kò bá ní èsì, sọ fún un pé o kò ní. Má lé ìbéèrè padà sí ẹnu aya rẹ. Yóò dúró síbẹ̀, ẹ ó sì jọ máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí ọjọ́ kóòtù kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹjọ́ náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Kò sí kòkó, kò sí ẹlẹ́rìí. Ọ̀gá mi ní bóyá kí á tú u sílẹ̀. Ojú á tì mí láàárín ìlú, torí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé mo ti mú olè. Mo wọ kóòtù. Akọ̀wé gbé Bíbélì wá, mo ní ọmọ Ògún ni mí, ó sì gbé irin fún mi. Mo fẹnu kàn án níwájú gbogbo wọn, Àkàngbé, mo sì sọ pé Jóẹ́lì jẹ́wọ́ lójú mi. Òun tó wà nínú àhámọ́ wò mí bí ẹni pé àánú mi ń ṣe é. Wọ́n ní kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n sì so ìlà sájẹ́ǹtì mọ́ mi lápá láìpẹ́ sí i.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún ọ pé kí o ṣọ́ra fún ìyìn. Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ọ̀gá tó ń fọwọ́ bà ọ́ léjìká. Ìyìn dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yìn ọ́ lórí nǹkan kan, ó máa ń ṣòro láti sọ lọ́la pé nǹkan náà kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i lára mi. Nígbà tí Jóẹ́lì ṣì wà lẹ́wọ̀n, wọ́n mú bàbá aṣọ́dẹ ọjọ́sí níbòmíràn, ó tún tú ìdè ilẹ̀kùn bákan náà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun kó ti Iléṣà. Òṣogbo ni mo wà nígbà náà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó gbọ́ ọ, tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, ló wá sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní irin mi ti dípẹtà lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá lanu, wọ́n á já ìlà lápá mi, bóyá kí n tilẹ̀ lọ sùn níbi tí Jóẹ́lì ń sùn. O ti wà láyé, àbúrò rẹ ti wà nínú. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní yóò kúkú jáde láìpẹ́.

Láàárín "láìpẹ́" tí mo sọ yẹn ni ìyá Jóẹ́lì kú. Jóẹ́lì ni àkọ́bí rẹ̀, òun nìkan ló sì ní lọ́kùnrin. Àwọn ará àdúgbò ló gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sin ín láìsí ọmọ níbẹ̀ tí yóò da erùpẹ̀ sí i. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa, n kò ní máa ṣàlàyé.

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní tèmi, mo gbàgbé dáadáa. Mo gbàgbé débi pé mo sọ ọ́ di ìtàn tí mo ń fi dá àwọn ọmọ mi lára yá. Mo máa ń retí pé Ògún á bi mí nítorí irọ́ tí mo fi orúkọ rẹ̀ pa. Bí mo bá wọ mọ́tò, mo máa ń di àga mú. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó jẹ́ kí n dàgbà, kí n fẹ̀yìn tì, kí ọmọ tí mo bí wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà mí bí akọni, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wò ó.

Lẹ́yìn tí mo wo àwòrán rẹ, mo ká a sínú àpò mi. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà, mo sì wọ òmíràn tó ń lọ sí ọ̀nà Àkúrẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mo béèrè Jóẹ́lì káfíńtà, ọmọbìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì sì nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń fá pákó àga ṣọ́ọ̀ṣì. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ mo jù ú lọ. Ó gbójú sókè, ó sì mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi. Èmi tí mo pè é ní ìwọ olè nígbà kan, mo ń pè é ní ẹ̀yin.

Mo gbé àwòrán rẹ fún un. Torí pé n kò mọ bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ ọ́ ni mo fi gbé e. Ó nu eruku pákó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó ní ọwọ́ ọmọ mi dára. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan olè tó ń gbọ̀n.

"Ta nìyí?"

Mo ní òun ni. Ó ní rárá, òun kọ́ nìyẹn, pé òun kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé èmi gan-an mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí eruku pákó. Àwọn ènìyàn ti ń dúró wò wá láti ojú títì. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti aṣọ́dẹ, ti kóòtù, ti ìdákẹ́jẹ́ mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní kí n dìde, pé ìyá òun ni kí n lọ bẹ̀, ó sì mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí sàréè rẹ̀ wà lábẹ́ igi ọsàn. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí mo ń ráhùn rẹ̀ fún ọ lókè yìí. Òun dúró lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo máa lọ, mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Kò bínú. Ó dáhùn jẹ́ẹ́.

"Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ ohun tí kò dá mi lójú. N kò tíì mọ̀. Bí mo bá mọ̀, mo lè ránṣẹ́ sí yín."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbà á. Bí ó bá ti sọ pé òun ti dárí jì mí kí n lè tètè wọ mọ́tò, ṣé mo lè gbà á gbọ́? Mo tún bi í nípa àwòrán, mo ní kí o fà á ya ni àbí báwo. Ó ní kí o má fà á ya. Ó ní bí ọmọ mi bá fẹ́ ya òun, kí ó wá wo ojú òun kí ó tó yà á.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ ń retí ìtàn náà, mo sì mọ̀ pé ẹni tuntun ni ọ́ níbẹ̀. Ó lè ní kí o yà á bó ṣe wà, pé àwọn òǹkàwé fẹ́ kí olè gbọ̀n. Bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀, fi ìwé ìmọ̀ràn yìí hàn án, mo gbà bẹ́ẹ̀, kí ó ka ọ̀rọ̀ mi. Bí ó bá sì ní dandan ni, Àkàngbé, ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀ kí o padà wálé. Iṣẹ́ mìíràn wà. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ tí a kò lè jù sílẹ̀ máa ń sọ ènìyàn dà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà, wọ mọ́tò lọ sí Ìpetu. Má lọ pẹ̀lú ìgbéraga akọ̀wé Ìbàdàn. Dọ̀bálẹ̀, sọ fún un pé ọmọ mi ni ọ́, kí ó tó bi ọ́. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, bá a di pákó mú. Bí ó bá gbà kí o ya òun, ya ojú rẹ̀ bí o bá ṣe rí i, má fi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn náà, ya kóòtù. Ya irin náà, kí o sì ya ẹnu mi lórí rẹ̀, pẹ̀lú irunmú àti ikùn àti gbogbo rẹ̀, kí télọ̀ mi lè mọ̀ pé èmi ni.

Má ya Ọkùnrin Ẹ̀fúùfù síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fò wá gba Jóẹ́lì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá rẹ ti bi mí ohun tí mo ń kọ láti àárọ̀. Mo ti dá a lóhùn lónìí, mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ó ní kí n kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúndìran.